Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Tauno Kọ̀ Láti Wọlé

Kí Helvi Kemppainen tó mu ife kọfí kejì láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gbogbo ohun tí obìnrin ilé ń ṣe kí Juhannus, ọdún àárín ìgbà ooru wọn, tó wọlé. Ó ti sá kápẹ́ẹ̀tì sórí okùn, ó ti nu fèrèsé tó kọjú sí adágún, ó ti to igi ìdáná sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ olóoru, ẹja sì ń gba iyọ̀ sára nínú àwo. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi pín lẹ́tà kiri àwọn abúlé Kainuu, nínú òjò àti nínú yìnyín, kò sì fìgbà kan sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀nà kò dára. Bó ṣe ń ṣe ilé rẹ̀ náà nìyẹn. "A ó ṣe é fúnra wa" ni ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Tauno ọkọ rẹ̀ wà lórí àga onítáyà níwájú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ agbégẹdú ló fi jẹun láyé ọjọ́un. Ọdún kẹrin rèé tí àìsàn tó ń jẹ iṣan ti dé bá a. Ó kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀, nígbà tó yá ó gba ahọ́n. Oúnjẹ olómi ni wọ́n ń gba inú rọ́bà rọ fún un tààrà sínú ikùn. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àti ọpọlọ tó ṣì pé bó ṣe pé nígbà tó wà lẹ́ni ogójì ọdún.

Ojú yẹn ló fi ń sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀lé ẹyinjú rẹ̀. Lẹ́tà tó bá wò, ẹ̀rọ á kọ ọ́, bó bá sì ti kọ gbólóhùn tán, ẹ̀rọ á fi ohùn ọkùnrin kan kà á síta. Jarkko, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tauno, ló to gbogbo rẹ̀. Ó tò ó débi pé bọ́tìnì kan péré ni Helvi ń tẹ̀ láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà á tàn, kò ní béèrè pé ta nìyẹn, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, á wọlé fúnra rẹ̀, á sì ṣí ètò ọ̀rọ̀ sísọ. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀. Ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́ báyẹn, èèyàn kì í rántí mọ́ pé ó lè daṣẹ́ sílẹ̀.

"Helvi," ni ohùn ẹ̀rọ náà wí, "tí o bá tún gbá ilẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó jìn sí àjà ilẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ lo ní, o ò níṣẹ́," ni Helvi dá a lóhùn. Ó mú ẹ̀ka igi eléèpo funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó ń wá ibi tó máa fi kọ́, nítorí ilé tí kò bá ní ewé yẹn lọ́jọ́ Juhannus, bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ ni. Ìṣó kan wà lára ògiri lápá òsì kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó so ẹ̀ka náà mọ́ ọn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó tún dún. "Pátákó mi dà?"

"Pátákó wo? Pátákó lẹ́tà yẹn? Ó wà nílé ìwẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti dé, ta ló tún fojú kàn án?"

"Dá a padà síbẹ̀."

"Ó dáa. Ó di ẹ̀yìn Juhannus."

"Ewé náà rẹwà," ni Tauno wí. Òun ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láti inú ẹ̀rọ yẹn.

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni pátákó tó ń béèrè. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i ní ẹsẹẹsẹ. Kí ẹ̀rọ tó dé, òun ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: Helvi á máa fi ìka tọ ẹsẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Tauno á gbé ojú sókè bó bá dé ibi tó fẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni. Gbólóhùn kan lè gba ìdá mẹ́rin wákàtí, Helvi sì kórìíra rẹ̀, nítorí ó máa ń rán an létí ọjọ́ tí ohùn ọkọ rẹ̀ ti lọ. Kò wulẹ̀ sọ ọ́ nù. Ó kàn gbé e kúrò níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i.

Saila ọmọ wọn dé láti Oulu nígbà tí aago mọ́kànlá ku díẹ̀. Olùkọ́ ni, kì í lè jókòó lásán. Nígbà tí Helvi ti àga Tauno lọ sí yàrá láti fún un lóúnjẹ ọ̀sán, Saila jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó lè kó àwọn fọ́tò tuntun sí i. Ìwé pélébé kan yọ lójú ẹ̀rọ pé ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn àtúnṣe tuntun, wà nílẹ̀ fún ètò tó ń darí káàdì àwòrán, apá tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ Ajé ni Tauno ti ń fi ojú sún un síwájú.

"Màámi, kí ló dé tí Bàámi ò gba èyí?"

"Èwo nìyẹn?" ni Helvi ké láti yàrá.

"Ìmúdójúìwọ̀n ni. Ti káàdì àwòrán."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Jarkko ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Jarkko, Jarkko. Ẹ̀rọ tí a kì í tọ́jú ló ń bàjẹ́, Màámi." Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ ní òun fẹ́ kú kí òun tún tàn, ó tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Saila. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Ó yẹ kí a máa gba ìmúdójúìwọ̀n, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Ọjọ́ ni kò tọ́. Èèyàn kì í tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó fẹ́ fi gbé aláìsàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo mẹkáníìkì ti tilẹ̀kùn lọ sọ́dún.

Nígbà tí Helvi fi máa ti Tauno padà, ojú ẹ̀rọ ti ṣókùnkùn, ó sì ti tún mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tí wọ́n mọ̀ ló mọ́lẹ̀. Orúkọ Tauno ló wà láàárín, àpótí kékeré kan sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà," ni Saila wí.

"Kì í béèrè."

"Ó ń béèrè báyìí."

"Änätti ni," ni Helvi wí. "Adágún tí wọ́n bí i sí létí ni. Ojú mi ni Jarkko ṣe tẹ̀ ẹ́ sí i."

Saila tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó tún padà sí ojú ìwé kan náà, àpótí náà ṣófo. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó ní ó ní láti jẹ́ pé wáyà kan ló tú lẹ́yìn ẹ̀rọ. Yàrá náà há, àga Tauno ló sì dí ọ̀nà. Saila tẹ ẹ̀yìn àga náà sílẹ̀ kó lè yí i gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó tì í sí ìdí fèrèsé, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì lọ.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni o," ni Helvi wí. "Wọ́n ní kó wà ní ìjókòó fún wákàtí kan."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Màámi."

Wáyà kankan kò tú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kò lópin mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀yìn àga. Ojú Tauno kúrò lára Saila, ó lọ sára ògiri, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ wo bí Bàámi ṣe ń wo ewé," ni Saila wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mọ́ wọn nínú."

Wọ́n pe Jarkko, kò wọlé; ó wà ní etíkun Norway níbi tó ti lọ pẹja. Orí àpáta kan ṣoṣo ni fóònù ti ń mú níbẹ̀. Aago kan ti fẹ́ lù kó tó pè wọ́n padà.

"Àǹtí Helvi, ẹ kú ọdún o. Ṣé kò sí nǹkan?"

Saila gba fóònù. "Jarkko, kọ̀ǹpútà Bàámi ò dá wọlé mọ́. Ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù, a tẹ̀ ẹ́, ó tún ń béèrè."

"Ṣé ó kọ ọ́ pé kò tọ̀nà, àbí ó kàn ṣókùnkùn tó sì dá ẹ padà?"

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ìyàtọ̀ ńlá ni. Tí kò bá tọ̀nà, á sọ fún ẹ pé kò tọ̀nà. Tó bá gbà á, tó ṣókùnkùn, tó tún tì ẹ́ síta, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ò ní ẹ̀bi. Ilẹ̀kùn ti ṣí, inú yàrá ni ò sí iná. Ètò tó ń gbé àwòrán jáde ló dákú. Kí lẹ ṣe sí i láàárọ̀ yìí?"

"Mo gba ìmúdójúìwọ̀n kan."

"Ti káàdì àwòrán?"

"Ó jọ ọ́."

"Lọ́jọ́ Juhannus."

"Mo ti gbọ́, Jarkko. Kí la máa ṣe?"

"Ìdí tí kò fi dá wọlé mọ́ nìyẹn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, àwòrán ò jáde, ló bá dúró tó ń béèrè. Tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀. Ojú ẹ̀rọ á dúdú, lẹ́tà funfun lásán ló máa wà níbẹ̀. Má bẹ̀rù, ibẹ̀ ò nílò ètò tuntun yẹn. Kọ orúkọ, kọ páásíwọ́ọ̀dù, màá wá sọ ohun tí wàá tẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò."

Saila ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú, lẹ́tà funfun yọ. Ó kọ tauno, ó kọjá. Ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, nǹkan kan kò hàn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ gbangba pé kò tọ̀nà.

"Ó ní kò tọ̀nà."

"Kò lè jẹ́. Ìwọ lo sọ pé ó gbà á lẹ́ẹ̀kan."

"Ìwọ lo sọ pé ó gbà á. Ẹ̀rọ ní kò tọ̀nà. Ṣé kí n gbé fóònù sún mọ́ ọn kó sọ fún ẹ fúnra ẹ̀ ni?"

Ibi tí ọ̀ràn náà ti wọ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí àwa ṣe ń kán àmì sábẹ́ lẹ́tà wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń kán àmì méjì sórí tiwọn. Änätti ní méjì irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Jarkko ń to ẹ̀rọ náà, ojú tó ní àwòrán nìkan ló sọ fún pé kíbọọ̀dù wọn nìyí. Kò sọ fún ojú dúdú yẹn. Níbẹ̀, kíbọọ̀dù Òyìnbó Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ rò pé òun ní. Bí Saila bá ti tẹ lẹ́tà alámì méjì, àmì ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ̀rọ ń gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ aṣínà kì í sì í hàn síta, kò sẹ́ni tó rí i. Ká ní ó kọ Änätti síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ni, níbi tí lẹ́tà ti ń hàn, ojú rẹ̀ ni àṣírí ì bá ti tú. Saila kò purọ́, Jarkko kò purọ́, ẹ̀rọ náà kò purọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń bá ara wọn jà títí fóònù fi gé.

Helvi lọ sọ́dọ̀ Tauno. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nù ún. Bí Tauno bá gbé ojú sókè, bẹ́ẹ̀ ni ni. Bó bá di ojú, rárá ni.

"Ṣé ibì kan ń dùn ẹ́?"

Ó gbé ojú sókè.

"Ẹsẹ̀ ni?"

Ó di ojú.

"Ẹ̀yìn?"

Ó di ojú. Helvi ti la ẹnu láti béèrè ẹ̀kẹta nígbà tí fóònù tún dún. "Dúró ná, Jarkko nìyẹn," ló wí, ó sì dìde. Ìbéèrè kẹta yẹn kò jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, kò tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Jarkko ní kí wọ́n gbìyànjú eléyìí, fóònù gé. Ó pè, ó ní kí wọ́n gbìyànjú tọ̀hún, ó tún gé. Saila ń kọ nǹkan sórí ìwé, ó ń yọ wáyà, ó ń fi í padà. Ní nǹkan bí aago méjì, Helvi tẹ̀ ba ọkọ rẹ̀.

"Tauno, ṣé kí a pa ẹ̀rọ yìí tì ni?"

Tauno gbé ojú sókè. Kí Helvi tó mí, ó tún gbé e sókè.

"Rárá o," ni Helvi wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí kò lágbára mú. "O ò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù báyìí. A ó ṣe é, o gbọ́? Ohùn rẹ ni."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé yẹn gan-an nìyẹn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọkùnrin náà sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká pe àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú Bàámi," ni Saila wí.

"Lọ́jọ́ Juhannus? Ká lọ fa àwọn èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ ọdún nítorí kọ̀ǹpútà? Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀. A ó ṣe é fúnra wa."

Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa kí ohùn Jarkko tó tún wọlé, ó já gaara lọ́tẹ̀ yìí. "Àǹtí Helvi, mo ti rí ọ̀nà tó rọrùn. Kí n tó sọ ọ́, Bàbá Tauno fúnra wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

"Kí ni wọ́n á fi wí i? Ẹ̀rọ ò kúkú ṣí."

"Pátákó lẹ́tà wọn dà? Ṣebí ìṣó tiwọn wà lára ògiri níbẹ̀."

Helvi yí ojú sí ìṣó náà. Ewé ló wà lórí rẹ̀. Ó wo ojú Tauno, ó sì rí i pé kì í ṣe ewé ni ojú yẹn ti ń wò láti ọ̀sán. Ó gbé fóònù lé tábìlì, ó sáré gba àárín kápẹ́ẹ̀tì tó ń gbẹ, ó wọ ilé ìwẹ̀. Abẹ́ korobá ni pátákó náà wà, omi ti mú kí etí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà ṣì wà lójú rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ síwájú àga. Ó fi ìka tọ ẹsẹ̀ lẹ́tà kìíní. Ojú Tauno dìde níbi H. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ojú náà dìde níbi E.

"Helvi," ló wí. "Èmi rèé, ọkọ mi. Mo ti dé."

Tauno di ojú. Rárá. Helvi tún gbé ìka sókè, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń retí pé L ló kàn. Ojú náà kọjá L. N ló dìde sí, lẹ́yìn rẹ̀ kò dìde mọ́.

Henki ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ yẹn. Èémí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn, òun náà ni wọ́n sì ń pe ẹ̀mí. Helvi gbé etí lé àyà ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ omi tó ń hó nínú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń dà bí eérú.

Wọ́n pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e kò kánjú nínú ọ̀rọ̀. "Ṣé ó wà ní ìjókòó, àbí ó dùbúlẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Saila rí ẹ̀yìn àga. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní aago méjìlá, bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà. Ó gbé e sókè.

Ọkọ̀ aláìsàn gbà tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó dé, nítorí ilé wọn jìnnà. Wọ́n gbé Tauno lọ sí ilé ìwòsàn ní Kajaani. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kò tan Helvi jẹ. Ó ní oúnjẹ ló gòkè láti inú ikùn tó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Helvi béèrè bóyá nǹkan ì bá yàtọ̀ ká ní wọ́n pè ní aago kan. "Mi ò lè búra," ni dókítà náà wí. "Ṣùgbọ́n à bá rí nǹkan ṣe." Tauno kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú rẹ̀ là títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, pátákó lẹ́tà náà sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti gbé ojú sókè mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Saila sunkún fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. "Èmi ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Èmi ni mo tẹ àga sílẹ̀."

"Èmi ni mo so ewé," ni Helvi wí. "Èmi ni mi ò béèrè ẹ̀ẹ̀kẹta. Má gbé gbogbo rẹ̀ nìkan." Ó jókòó tì í títí omi kọfí fi gbẹ lórí iná, kò sí ìkankan nínú wọn tó dìde.

Jarkko wá láti tún kọ̀ǹpútà náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa lò ó mọ́. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bó ṣe tan ẹ̀rọ náà, ó di bọ́tìnì Esc mú títí ìlà ọ̀rọ̀ kan fi yọ, níbi tí èèyàn ti lè yan ètò àná dípò tòní. Ó yan tàná. Kọ̀ǹpútà náà tàn, kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó wọlé fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó yọ ètò tuntun náà kúrò, ó tún tan ẹ̀rọ, ó tún wọlé. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lórí fóònù nìyí," ló wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Helvi jókòó sí iwájú ẹ̀rọ, níbi tí àga onítáyà ti máa ń wà. Kámẹ́rà wá ojú kiri, ó rí tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e láàárín àwọn lẹ́tà. Ojú Tauno ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí náà ó ń ṣìnà díẹ̀ níbi gbogbo tí Helvi bá wò. Jarkko na ọwọ́ láti pa á. Helvi ní kó fi í sílẹ̀.

"Mú ìwé wá," ni Helvi wí nígbà tó yá. "Sọ gbogbo ohun tó yẹ ká ti mọ̀. Kì í ṣe bí ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ọ́. Sọ ọ́ bí èèyàn."

Jarkko sọ, Helvi kọ. Obìnrin tó ti pín lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ju ọgbọ̀n ọdún lọ wá kọ tirẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé tó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní agbègbè náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀rọ tó ń dá wọlé bá ṣàdédé ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń sọ pé kò tọ̀nà tàbí ó kàn ń dá wọn padà, nítorí àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ní kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí ìwé nínú àpò lẹ́tà, níbi tí àwọn tó ju ẹnì kan lọ mọ̀, kó má sì ní lẹ́tà alámì nínú, bó ti wù kí orúkọ ibi tí wọ́n bí wa sí dùn lẹ́nu tó. Ó ní kí ẹni tó to ẹ̀rọ fi ọ̀nà àtipadà sí ètò àná hàn wọ́n, kí àwọn fúnra wọn sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe é lójú rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gba ìmúdójúìwọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún. Níparí, ó kọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá ṣe ẹ̀rọ, èèyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, kí wọ́n béèrè títí dé ìbéèrè kẹta, àti pé 112 kì í lọ sọ́dún.

Ìwọ tó ń kà á, ó lè má sí kámẹ́rà tó ń tẹ̀lé ojú nílé tìrẹ. Ṣùgbọ́n wo inú ilé rẹ dáadáa. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ẹ ti fi gbogbo ara tì, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, tó sì ti mú yín gbàgbé ọ̀nà tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Kí lẹ máa fi dípò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ̀? Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í sì í jí òkú. Lọ bójú tó o lónìí, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ti Helvi, kì í so ewé sínú yàrá yẹn mọ́. Bí Juhannus bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, á jókòó sídìí fóònù, á máa pe àwọn ìdílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí kì í fẹ́ da èèyàn láàmú láyé rẹ̀ ti wá di ẹni tó ń da gbogbo èèyàn láàmú. Ìbéèrè kan náà ló máa ń béèrè: "Pátákó yín dà?" Bí wọ́n bá ní ó wà nínú àká, tàbí àwọn ò rántí ibi tí àwọn gbé e sí, kì í bínú.

"Ẹ lọ mú un wá," ló máa ń wí. "Mò ń dúró lórí fóònù."